Bọ́ọ̀lù irin kan ṣẹ́kù sórí tábìlì, gíà sì ti wà nínú mọ́tò

Àkókó Houston:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Ẹni tó bá gbọ́ nípa ọ́tò gíà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Camry 1999 ni, pencil light, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, gíà A140E. Láti ìgbà òtútù ló ti ń yọ̀ bó bá fẹ́ bọ́ sí gíà kẹta. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ pe owó tó ju owó mọ́tò lọ fún mi, ni mo bá ní èmi náà lọ́wọ́. Mo tú u nínú gáréèjì, mo pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì àti gbogbo síìlì, mo tò ó padà, èmi àti àbúrò ìyàwó mi sì gbé e wọlé lánàá. Nísinsìnyí tí mo ń palẹ̀ tábìlì mọ́, mo rí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan nísàlẹ̀ abọ́. Ti inú fáàfù bọ́dì ni, irin tó ń pín ọ́ìlì kiri inú gíà. Mi ò tíì da ọ́ìlì sí i, mi ò tíì sítáàtì. Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé, mo sì gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́ kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Ṣé kí n gbìyànjú ẹ̀ wò bẹ́ẹ̀? Ibo gan-an ni bọ́ọ̀lù yìí ti jáde?

Sísí Peckham:
Má sítáàtì nǹkan kan o! Jókòó. Mu omi. Aago kan òru ti lù níbí, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn arúgbó mi ti sùn, mo ráyè fún yín títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Baba Ìbejì Chicago:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn ò lè ṣẹ́kù kí gíà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, torí òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì bó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn sá. Bí o bá wà á bẹ́ẹ̀, ó lè máa ta gìrì bó bá ń pààrọ̀ gíà, ó sì lè jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tuntun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yẹn ló máa jóná. Ire tó wà ńbẹ̀ ni pé o ò ní gbé gíà sílẹ̀. Abẹ́ ni fáàfù bọ́dì A140E wà. Tú páànù, tú fíltà, o ti débẹ̀. Fi kálípà wọn bọ́ọ̀lù náà, kó o wá ṣí ATSG, ìwé àtúnṣe gíà, síbi àwòrán ẹ̀, torí nínú gíà kan náà ìwọ̀n wọn lè yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí lo fi lẹ̀ wọ́n mọ́ ihò wọn nígbà tó ò ń tò ó? Gíríìsì lèmi lò nígbà tèmi, gíríìsì dúdú tí wọ́n ń fi sí bẹ́árìn táyà. Ọ́ìlì gíà kì í yọ́ ọ. Ó lọ dí ihò kan pa, gíà kejì ò wọlé mọ́. Mo tún gbogbo ẹ̀ tú, mo tún ra kíìtì tuntun. Ìyá Ìbejì ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi ṣe Kérésìmesì.

Àkókó Houston:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Vaseline ni ìwé sọ, àmọ́ tiwa ti tán nílé. Òrí ni mo lò.

Sísí Peckham:
Kí lo lò?

Àkókó Houston:
Òrí. Èyí tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ọ̀kà. Ojúlówó ni.

Olúyọ̀lé Dallas:
Houston ti fi òrí pa gíà lára o! Ooru yìí, nínú gáréèjì tí kò ní éésì! Ìdí tí bọ́ọ̀lù fi jábọ́ nìyẹn. Òrí ti yọ́ kó o tó dojú fáàfù bọ́dì délẹ̀. Ẹjọ́ ti tán, ẹ máa lọ sùn.

Baba Ìbejì Chicago:
Ó jọ bẹ́ẹ̀. Bó o bá tú u, fi brake cleaner fọ gbogbo òrí yẹn kúrò, má ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Àtìgbà tí mo ti ń tú gíà, mi ò tíì rí ìwé tó ní ká fi òrí là á.

Àkókó Houston:
Mo ti ń gbé jáàkì bọ̀. Ọpẹ́ ni pé ìyókù lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí à ń gbé gíà wọlé nìkan ló yọ wá lẹ́nu díẹ̀: ó ku bí ìbú ìka kan kó kan ẹ́ńjìnnì, kò fẹ́ lọ mọ́. Bọ́ọ̀tì la fi ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gbà.

Ìjẹ̀bú Calgary:
Dúró ná.

Baba Ìbejì Chicago:
Bọ́ọ̀tì lẹ fi fa kí ni?

Ìjẹ̀bú Calgary:
Ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù. Àbúrò, pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì nínú gíà ẹ ti lọ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oṣù January, ìta wà ní -20, gáréèjì tí mo háyà ò ní hítà. Èmi náà rí àlàfo ìka kan yẹn, mo ní ọkùnrin ni mí, mo fi bọ́ọ̀tì fà á. Ó dún “kẹ́kẹ́” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní yìnyín ló já lórí òrùlé. Nígbà tí mo sítáàtì, ó ń han gooro. Mo fi sí D, mo fi sí R, mọ́tò ò mì. Kọ́nfátà, àgbá tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, ò tíì wọlé tán nígbà tí mo ń fà á, òun ló sì fọ́ gíà inú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tuntun, kọ́nfátà tuntun, ọ́ìlì tuntun. Owó tí mo ná lé e ju owó tí mo fi ra mọ́tò náà, mo sì tún tà á ní àtàdànù nígbẹ̀yìn.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ láyà. Kì í ṣe gbogbo àlàfo ni ti kọ́nfátà. Píìnì méjì tó ń tọ́ gíà sọ́nà yẹn, bí wọ́n bá ti dógùn-ún, wọ́n á há. Èmi náà fi bọ́ọ̀tì fa tèmi, mo sì ń wà á dòní.

Baba Ìbejì Chicago:
Orí ló bá ọ ṣe é, ìwọ kọ́ lo ṣe é. Píìnì tó dógùn-ún lè há níbi tó ku bébà kan. Kì í há níbi tó ku ìka kan. Àbúrò Houston, nígbà tó ò ń ti kọ́nfátà wọnú gíà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ló ró “kò”?

Àkókó Houston:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò kà á. Rédíò wà ní títàn. Ó ró o. Ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Baba Ìbejì Chicago:
Ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò, kò, kò. Bí kò bá tíì pé mẹ́ta, gíà ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, nígbà míràn méjì a máa wọlé pọ̀, etí ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká bi í léyìí tó lè dáhùn. Nígbà tí gíà kan ẹ́ńjìnnì tán, kẹ́ ẹ tó de kọ́nfátà mọ́ flexplate, irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yẹn, ṣé kọ́nfátà ṣì ń sún síwá sẹ́yìn? Ó yẹ kó sún díẹ̀, bíi mílímítà mẹ́ta. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ flexplate pinpin, mo gbà fún Calgary.

Àkókó Houston:
Àbúrò ìyàwó mi ló de ìyẹn.

Sísí Peckham:
Ẹ bi àbúrò ìyàwó!

Àkókó Houston:
Ó ti padà sí San Antonio láàárọ̀. Kò gbé fóònù.

Ìjẹ̀bú Calgary:
Ó mọ ohun tó ṣe.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ó dáa, tú bọ́ọ̀tì kọ́nfátà, kó o fọwọ́ tì í sẹ́yìn wò. Fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì láti ara púlì. Bó bá yí láìhá, o ti bọ́.

Baba Ìbejì Chicago:
Kò tíì bọ́. Ó lè yí láìhá nígbà tó bá ti fọ́ tán; nǹkan tó ti fọ́, kí ló tún fẹ́ fi há? Géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì ló máa sọ òtítọ́. Ihò rẹ̀ wà lára gíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ọ́ìlì sì pé, tí géèjì ò gbéra nílẹ̀, pọ́ǹpù ti kú. AutoZone, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta pààtì mọ́tò, ń yáni nírinṣẹ́, béèrè bóyá wọ́n ní in. Wàá fi owó ìdúró sílẹ̀, wọn á dá a padà fún ọ tó o bá dá irinṣẹ́ wọn padà.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó má sítáàtì. Ẹ tún ń ní kó sítáàtì.

Baba Ìbejì Chicago:
Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ọ́ìlì. Ka ohun tí mo kọ.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ẹ ò kọ “lẹ́yìn bọ́ọ̀lù” níbì kankan.

Baba Ìbejì Chicago:
Mo kọ ọ́ sínú.

Ìyàwó Mẹkáníìkì, Maryland:
Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ọkọ mi ń kà á látẹ̀yìn mi, wọn ò fẹ́ fọwọ́ ara wọn kọ. Wọ́n ní kí n béèrè: ṣé ẹ rẹ kílọ́ọ̀ṣì sínú ọ́ìlì kẹ́ ẹ tó tò wọ́n? Àwọn rẹ tiwọn mọ́jú. Èyí tí wọn ò ní sọ fún yín ni pé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù mi ni wọ́n lò. Mo tibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa mí, mo ṣí ìdérí, ó pupa bí ọbẹ̀ ata, mo ti ń wá ṣíbí. Ọpẹ́lọpẹ́ òórùn. Ìkòkò yẹn ti di ti gáréèjì títí láé.

Wọ́n tún ní kí n béèrè difírẹ́ńṣà, ibi tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Wọ́n ní lára A140E, ihò ọ́ìlì tiẹ̀ dá dúró, ọ́ìlì gíà kì í dé ibẹ̀. Àwọn da ọ́ìlì sí gíà, wọ́n fa dípsítíìkì yọ, ó pé, wọ́n gbéra ní Baltimore. Wọn ò kán nǹkan kan sí difírẹ́ńṣà. Kí wọ́n tó dé Bowie ló ti ń ké. Èmi ni mo lọ gbé wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bíi lítà 1.6 ló ń gbà, ọ́ìlì Dexron III kan náà tó ń lọ sí gíà. Wọ́n ti dìde lọ sínú gáréèjì báyìí torí mo mẹ́nu kan ìkòkò.

Àkókó Houston:
Mo rẹ tèmi, inú kúlà ni. Kúlà tiwa ni, ẹ má bínú. Ti difírẹ́ńṣà yìí, ẹ bá mi kí wọn gan-an, mi ò mọ̀ rárá. Ọ́ìlì gíà nìkan ni mo rà.

Olúyọ̀lé Dallas:
Rádíétọ̀ ńkọ́? Èyí tí mo ní mò ń wà dòní yẹn, òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Gíà àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe, mi ò fọ ọ̀nà ọ́ìlì tó gba inú rádíétọ̀. Lẹ́búlẹ́bú irin tó ti inú gíà àtijọ́ jáde, ibẹ̀ ló sùn sí. Ó dúró de tuntun. Kò lo oṣù kan tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹgbẹ̀rún dọ́là kan lé ló bá a lọ.

Baba Ìbejì Chicago:
Orí ò bá ọ ṣe ìyẹn.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Baba Ìbejì Chicago:
Kí àbúrò má gbàgbé wáyà tó ti throttle, ibi tí pẹ́dà ń ṣí fún afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, lọ sínú gíà náà. Ní kí ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà yẹn dé òpin, kó o wá wo orí wáyà: àlàfo tó wà láàárín rọ́bà àti irin kékeré tó dá a dúró ò gbọdọ̀ ju mílímítà kan lọ. Bó bá dẹ̀ jù, agbára ọ́ìlì ò ní tó, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, á jó. Ọ̀pọ̀ gíà tí wọ́n ní ó kú, wáyà yìí ló pa á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló pa tìẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Sísí Peckham:
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ láyà. Ṣé ẹ mọ̀ pé mọ́tò petrol 1999 ní London, gbàrà tó bá ti kúrò níwájú ilé, ó ti jẹ £12.50 lọ́jọ́ kan? ULEZ ni wọ́n ń pè é, owó tí mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀ ń san. Láti August 2023 ni wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo bọ́rọ̀, kò sí ẹ̀yìnkùlé téèyàn máa sá gbà. Tí kò bá ti tó Euro 4, òdiwọ̀n èéfín fún mọ́tò petrol, sanwó. Níbí, wọn kì í tún gíà ṣe, bọ́ọ̀sì 36 là ń wọ̀.

Àkókó Houston:
Texas ò bá wa ṣe bẹ́ẹ̀. Láti January 2025 wọn kì í yẹ mọ́tò ara ẹni wò fún ààbò mọ́. Èyí tó bá sì ti ju ọdún 24 lọ bíi tèmi, wọn ò béèrè èéfín ẹ̀.

Sísí Peckham:
A ti rí i. Ìdí tí òrí fi wà nínú gíà nìyẹn.

Baba Ìbejì Chicago:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá gúúsù, ẹ ò tíì rí nǹkan. Ẹ wá wo iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì níbí. Abẹ́ mọ́tò ọdún mẹ́wàá, kò sí bọ́ọ̀tì tó ń tú, iná la fi ń gé e. Mo lo odindi Sátidé kan lórí bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Ìjẹ̀bú Calgary:
Iyọ̀ náà wà níbí, ẹ fi òtútù kún un. Ọ̀pọ̀ mọ́tò wa ló ní wáyà níwájú tá a fi ń so wọ́n mọ́ iná mọ́jú kí ẹ́ńjìnnì tó lè jí. Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i ní páàkì, mo rò pé rẹ́wáyà kan ló gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ẹ máa kó bọ̀ ní Dallas. Kò sí iyọ̀, kò sí ULEZ, àgbàrá ò sì ń wá bá mọ́tò ẹni nínú gáréèjì bíi ti àwọn kan tí mi ò ní dárúkọ.

Ẹ̀gbá Houston:
Dárúkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀ wákàtí mẹ́rin wá sí títì Bissonnet níbí wá jẹ àmàlà lópin ọ̀sẹ̀.

Olúyọ̀lé Dallas:
Àmàlà tí ará Ìbàdàn ń rò fún yín níbẹ̀! Ẹ̀gbá wo ló mọ àmàlà? Láfún ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ẹ̀gbá Houston:
Àmàlà láfún ni, ó sì funfun ju ọkàn yín lọ.

Ìjẹ̀bú Calgary:
Ká sòótọ́, nílé, ta ló ń tú ọ́tò gíà? Wọ́n á mú ẹ dé Ládípọ̀, wọ́n á gbé Belgium síta, ẹ dúnàádúrà, ọmọṣẹ́ méjì á wọ abẹ́ mọ́tò, kí ilẹ̀ tó ṣú o ti ń lọ sílé. Èyí tó bàjẹ́ yẹn gan-an, wọ́n á rà á lọ́wọ́ ẹ.

Olúyọ̀lé Dallas:
Ládípọ̀ tí wọ́n á fi ọ̀dà sílífà kun òkú gíà fún ẹ. Gate ni kó o lọ, n'Ìbàdàn. Ọ̀gá tó ń tún mọ́tò bàbá mi ṣe ní Mọ́kọ́lá, tí ò bá fẹ́ràn gíà tí wọ́n gbé wá, á ní kí wọ́n dá a padà, wọ́n á sì dá a padà. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń jókòó, rédíò ń ka bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọṣẹ́ ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì, ọ́ìlì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyàwó Mẹkáníìkì, Maryland:
Ta ló ní kí ẹ dárúkọ ẹ̀wà àgànyìn lálẹ́ yìí? Ẹni tó ń bọ̀ láti ìta, tó gbé e lórí, tí òórùn ata yẹn á ti ṣáájú ẹ̀ wọ àdúgbò. Mo máa ń sè é níbí, kì í jọ ọ́. Ọmọ mi ní ata náà jóná, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kó jóná.

Baba Ìbejì Chicago:
Èyí tó ń dùn mí jù ni pé nílé, bí bọ́ọ̀lù kan bá ṣẹ́kù sórí tábìlì, èèyàn mẹ́wàá ló máa dúró tì ọ́ láti sọ ibi tó ti jáde. Wọn ò ní fohùn ṣọ̀kan o. Níbí, ìwọ àti rédíò ni.

Sísí Peckham:
Mẹ́wàá kẹ̀? Ẹlẹ́kọ tó ń kọjá lọ gan-an á sọ̀rù ẹ̀ kalẹ̀, á dá sí i.

Àkókó Houston:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fáàfù bọ́dì kalẹ̀. Ihò méjì ló ṣófo. Bọ́ọ̀lù kan ló wà lọ́wọ́ mi.

Ìjẹ̀bú Calgary:
Èkejì ti wà ní San Antonio.

Baba Ìbejì Chicago:
Má gbọ́ tiẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ihò ló ń gba bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń fi òmíràn sílẹ̀ lófìfo. Kí ni àwòrán inú ìwé sọ?

Àkókó Houston:
Ojú ìwé yẹn gan-an ni òrí dà sí.

Olúyọ̀lé Dallas:
Mo ní tèmi lórí kọ̀ǹpútà. Jẹ́ kí n wá a, mo ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Kọ́nfátà ńkọ́, ó sún?

Àkókó Houston:
Mi ò tíì débẹ̀.

Ẹ̀gbá Houston:
Àbúrò, fi sílẹ̀ fún alẹ́ yìí. Apá Alief ni mo wà, aago márùn-ún àárọ̀ ni mo máa ń jáde. Fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá gbé ẹ débi iṣẹ́ lọ́la àti lọ́túnla. Géèjì náà wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ Sátidé ni mo máa ráyè. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ohun tí pọ́ǹpù yẹn máa sọ.

Àkókó Houston:
Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á ṣe tiyín. Mo ń fi ránṣẹ́.

Ìyàwó Mẹkáníìkì, Maryland:
Ọkọ mi ti jáde ní gáréèjì. Wọ́n ní tí pọ́ǹpù bá ti lọ tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ ṣe é mọ́, àwọn máa ra ìyókù gíà náà. Èmi ní wọn ò rà á.

Sísí Peckham:
Aago mẹ́ta ti lù, arúgbó kan ti ń tẹ aago. Kí n tó lọ: ta ló mọ ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó sí London lọ́sẹ̀ yìí tó ṣì ní àyè kílò méjì? Ìyá mi ti di ẹ̀gúsí àti ògìrì sílẹ̀ látoṣù tó kọjá.

Ìjẹ̀bú Calgary:
Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Gatwick ló máa sọ̀ sí. Kílò kan ló kù. Kò sì ní gbé ògìrì.